Àmì Ohùn Tí Oyèdìran Kò Fi Sí I

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi kì í ṣe ara àwọn tó fẹ́ràn eré "Láyé Rélùwéè". Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Tèmi kò ju pé ilé mi ni tẹlifíṣọ̀n wà, ilé mi ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà, èmi náà ni mo sì ń po tíì. Oyèdìran ọkọ mi ló kó wọn wá bá mi. Nígbà tó kú ní oṣù kìíní ọdún 2002, mo rò pé wọn ò ní wá mọ́. Wọ́n wá.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú oṣù kẹjọ, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, gbogbo Tunga Low Cost, àdúgbò wa ní Minna, kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i. N ò béèrè ta ni. Nígbà tí Oyèdìran wà láyé, mo máa ń ti ilẹ̀kùn pa tọ̀sán-tọ̀sán, torí ojo ni mí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó kàn án, màá ní, "Ta nìyẹn?" Yóò ní, "Ọkọ rẹ ni." Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà míì inú á bí mi, màá ní ṣé kò lórúkọ ni. Láti ọjọ́ tó ti kú, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, mo ń ṣí i fún un ni. Bó bá jẹ́ olè, kó wọlé.

Akeem ló kọ́kọ́ wọlé. Àgùnbánirọ̀ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé kan ní àdúgbò Nassarawa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló máa ń ká eré náà sílẹ̀ n'Ìbàdàn, tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Minna. Roseline tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀rẹ́ mi ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Díákónì Simeon ló wọlé kẹ́yìn, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá l'Ọ́yọ̀ọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí. Bí àmì ohùn kan bá sọnù lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, bàbá yẹn á rí i láti òdìkejì títì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mọ́mì Dámi," ni Akeem wí. "Ṣé ara yín le, mà?"

"Ara mi le."

Ara mi le lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń bá mi wí. Wọ́n sin ọkọ mi, omi ò jáde lójú mi. Dámi ọmọ wa sunkún títí a fi dá a padà sílé ìwé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ń wò ó. Àwọn obìnrin ìjọ ní kí n sunkún kó lè fúyẹ́ lára mi, ọ̀kan tiẹ̀ ń gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé egungun ẹja há mi lọ́fun. Ẹkún ò wá. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi ní ilé ìkàwé yunifásítì, mo ń to ìwé, mo ń padà wálé. N ò tiẹ̀ lè pè é ní ìbànújẹ́. Gbogbo ara mi ló kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ẹ wò ó, kí n ṣàlàyé eré tí wọ́n ń ṣe. "Láyé Rélùwéè" dá lórí Sájẹ́ǹtì Awójọbí, ọlọ́pàá kan láyé ìjọba òyìnbó, tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá ọ̀daràn kiri ẹ̀bá ojú irin. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé apá tuntun jáde, bí apá kan bá sì fẹ́ parí, wọ́n á da ọ̀rọ̀ rú, wọ́n á fi ìdáhùn pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ìwà ìkà ni lójú tèmi. Oyèdìran wá ní kí oníkálukú máa kọ ohun tó bá rò sínú bébà, kó ká a, kó jù ú sínú agolo bisikíìtì. Torí pé n kì í bá wọn fọkàn sí i, wọ́n fi mí ṣe rẹfirí. Èmi ni mo ń tọ́jú agolo, èmi ni mo ń ṣí bébà. Ẹni tó bá gbà á, òun ló ni àga onítìmùtìmù abẹ́ fáànù títí apá yẹn á fi parí. Oyèdìran ló gbà á kẹ́yìn. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga náà. Èmi gan-an, mo máa ń gbálẹ̀ yí i ká ni.

Bí apá tó kọjá ṣe parí nìyí: wọ́n bá Tinúọlá, ìyàwó ọ̀gá ibùdó rélùwéè, nílẹ̀ nínú oko iṣu rẹ̀, ó ti kú. Sájẹ́ǹtì bọ́ fìlà, ó ní, "Mo ti mọ ohun tó pa obìnrin yìí." Ni orin bá bẹ̀rẹ̀. Oyèdìran pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wá mú báírò, ó kọ tiẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú sínú agolo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣubú níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ.

Mo ti ka gbogbo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀: lẹ́tà, ìwé iṣẹ́, títí kan orúkọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Bébà inú agolo yẹn nìkan ló kù. Oṣù méje ni mo fi ń wò ó lórí kọ́bọ́ọ̀dù, n ò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ṣí i, ó parí nìyẹn, Oyèdìran ò ní bá mi sọ ohunkóhun mọ́ láyé yìí. Mo sì ń rò ó pé bóyá bí mo bá ṣí i, nǹkan kan á gún mi lára nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí.

A wo eré náà fún wákàtí kan. Àbúrò ọkọ Tinúọlá ló pa á. Ó fẹ́ gba oko náà, obìnrin náà kọ̀, ló bá já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lù ú lórí. Ó tán.

Àwọn tèmi ò jẹ́ kó tán. Roseline ní òkú ọjọ́ kan kì í rọ̀ báyẹn, pé ṣé wọn ò lè bi nọ́ọ̀sì kan léèrè ni. Díákónì ní aago ọwọ́ tí agbẹjọ́rò kan wọ̀ nínú eré náà, wọn ò tíì ṣe irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí òun alára.

"Sájẹ́ǹtì ti sanra jù," ni Akeem wí. "Kẹ̀kẹ́ yẹn ń ké lábẹ́ rẹ̀, wàláhì."

"Háábà! Èèyàn ò gbọdọ̀ jẹun kó yó ni?" Roseline gbèjà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ràn Sájẹ́ǹtì yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wọn lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo dìde, mo gbé agolo wá.

Mo ṣí ti Roseline: "Ìyáálé rẹ̀ ni." Tinúọlá ò tilẹ̀ ní ìyáálé nínú eré náà. Mo ṣí ti Díákónì, gbogbo àmì ohùn pé sára rẹ̀: "Ejò ló bù ú jẹ." Mo ṣí ti Akeem: "Àbúrò ọkọ." Akeem ti gbà á. Kò yọ̀. Ojú rẹ̀ lọ sára àga, ó yára gbé e kúrò níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi ìkẹrin yẹn sílẹ̀," ló wí.

"Òfin lòfin," ni Díákónì fèsì, àmọ́ ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀, bó ṣe máa ń kọ̀wé: *Oko re ni.* Mo fi hàn wọ́n.

Roseline fò dìde. "Ọkọ́! Ọkọ́ rẹ̀ ni! Ṣé ọkọ́ kọ́ ni wọ́n fi lù ú ni? Oyèdìran gbà á! Kò sẹ́ni tó máa jókòó lórí àga yẹn o."

"Oko ni, mà," ni Akeem wí. "Oko rẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pa á. Dádì Dámi gbà á jù mí lọ." Ọmọ náà fẹ́ kí ọkọ mi borí òun, ó hàn kedere.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má pa irọ́ mọ́ olóògbé," ni Díákónì wí. "Ọkọ ni. Ọkọ rẹ̀ ló fura sí, ó sì kùnà. Kí ló dé tí a ò mọ èyí tó kọ? Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi bó mi: Oyèdìran, fi àmì sí i! Yóò ní ẹni tó bá mọ òun á mọ ohun tóun ń wí."

"Ọkọ̀ ńkọ́?" ni Akeem béèrè.

"Ta ló fún obìnrin abúlé ní ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn?"

"Tóò. Ó ṣì ku ọ̀nà kan téèyàn lè gbà kà á..."

"Akeem! Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Roseline na ọwọ́ sí i. Díákónì yíjú sí ojú fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ọkọ mi tó kú, bí ilé mi ṣe máa ń rí nìyí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n wá dojú kọ mí, torí èmi ni rẹfirí. Mo wo bébà náà. Kò sí ohun tó gún mi. Inú tiẹ̀ ń bí mi díẹ̀. Oṣù méje tí mo fi ń bẹ̀rù agolo bisikíìtì, ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí? Ó fura sí ọkọ, ọkọ kọ́. Mo lè sọ pé ọkọ́ ni, kí àga náà ṣì jẹ́ tiẹ̀. Roseline ń fi ojú bẹ̀ mí. Àmọ́ n kì í ṣe màgòmágó nídìí rẹfirí, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí òkú ọkọ mi.

"Ọkọ ni," ni mo wí. "Ó kùnà. Akeem, lọ jókòó sórí àga ẹ."

Roseline wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Akeem bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ìdí kan jókòó sétí àga. Tìmùtìmù náà mí fíì. Mo kó àwọn ife, mo lọ fọ̀ wọ́n, omi tútù ni, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa mi ní pálọ̀.

Ní aago márùn-ún wọ́n lọ. Oòrùn ti yọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi èdè Haúsá bú ara wọn nídìí bọ́ọ̀lù. Mo ti ilẹ̀kùn, n ò mọ ìdí tí mo fi tì í. Mo kó àwọn bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n lọ dà wọ́n síta. Mo da mẹ́ta sínú garawa ìdọ̀tí. Mo ṣí ìkẹrin láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́. Oṣù méje ni n ò ti sọ ọ́. Ojú mi sì wà lára bébà: *Oko re ni.*

Gbogbo wọn jà lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó wo ìkejì. A ti gbà pé "rẹ̀" ni, ti Tinúọlá. Kí ló kan Oyèdìran kan Tinúọlá? Ó mọ ẹni tó ń ṣí bébà nínú ilé yìí. Kò fura sí ẹnikẹ́ni, aláìníṣẹ́. Ó jókòó níbẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ọjọ́ tí màá ṣí i, kí n lè bi í bóyá kò lórúkọ ni.

Ọkọ rẹ ni.

"Akeem ni, mà," ni ẹni tó wà níta dáhùn. "Mo gbàgbé fìlà mi sórí àga."

N ò lè ṣí ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí rẹ̀, ẹkún sì dé, ẹkún tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó ń dún jáde lọ́fun mi, ó ń dùn mí ní àyà, ó ń dùn mí títí dé ìka ẹsẹ̀. Akeem ń gbá ilẹ̀kùn. Ó ń pariwo pé, "Mọ́mì! Mọ́mì, lafiya? Ṣé kí n pe Sísítà Roseline?"

"Pè é," ni mo wí nígbà tí ohùn mi jáde. "Kó o sì bá mi sọ fún Díákónì pé mo ṣi bébà yẹn kà."