Ewúrẹ́ Mi Ni Pẹ́ńtà Fẹ́ Fi San Ẹ̀jẹ́

Ọkọ mi kì í ṣe ahun rárá, tó bá ti jẹ́ ohun olóhun. Pẹ́ńtà ni. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kun ilé ìwòsàn tuntun, ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sọ́wọ́ òun, ohun tó bá kọ́kọ́ jáde nílé wá pàdé òun lọ́jọ́ náà, ti Olúwa ni, ilé pásítọ̀ ni yóò máa gbé títí ayé. Ewúrẹ́ mi ló ní lọ́kàn. Òun ló máa ń sáré pàdé rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí àtijẹ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ gbọ́, ewúrẹ́ tèmi ni bàbá yìí fẹ́ fi ṣe ọ̀làwọ́!

Iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, torí ó jẹ aṣọ tí mo sá. Bí ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, ṣe gbọ́ ìró alùpùpù bàbá rẹ̀, ó sáré jáde, ó dì mọ́ ọn. Igbe tí ọkọ mi ké, mo rò pé àkàbà ló wó lù ú.

Ó jókòó sórí garawa ọ̀dà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wa.

"Jẹfta!" ni ìyá mi pariwo lórí àga rẹ̀. "Bó ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ tiẹ̀ náà nìyẹn kó tó lọ sógun! Ọmọ rẹ̀ ló jó jáde wá pàdé rẹ̀. Ó sì fi í rúbọ."

"Wọ́n ti kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni ọmọ mi wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oṣù méjì kó lọ máa rìn kiri lórí òkè pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dádì, ṣé èmi náà ò ní lọ síléèwé?"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. "Màmá, Ọlọ́run tó ní kí Ábúráhámù sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, kí ló dé tí ò pe Jẹfta?"

"Bóyá ó ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀."

"Ìyá ọmọ Jẹfta ńkọ́?"

Ìyá mi ronú títí. "Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu kàn án."

"Ẹyin lohùn," ni ọkọ mi fi ẹkún wí. "Mo ti la ẹnu mi. Lọ́la ni màá mú un lọ."

Inú bí mi. Mo fa ọmọ mi sẹ́yìn, mo kọjú sókè. "Olúwa, ìyá ọmọ nìyí o. Mi ò ní fún Ọ. Tó bá dùn Ọ́, èmi ni kí O bínú sí."

Gbogbo wa ń wo sánmà. Ìyá tó bí mi lọ́mọ rọra fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí.

Ọkọ mi dìde, ọ̀dà ti kun ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó rìn wá, ó dúró tì mí, òun náà kọjú sókè.

"Àwa méjèèjì ni, sà," ló wí.