Òrùlé Aláṣọ

Ní fásitì, olùkọ́ ilé yíyà fi bírò gbé etí òrùlé aṣọ tí Rasheedah rán sórí àwòṣe ọjà rẹ̀ sókè, ó sì jẹ́ kó já bọ́ padà sórí àwọn òpó igi tín-ín-rín tó gbé e dúró.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Iṣẹ́ télọ̀ nìyí. Iṣẹ́ ilé yíyà la ń kọ́ níbí."

Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì: kó ya òrùlé gidi fún ọjà tó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tàbí kó tún ọdún náà ṣe. Rasheedah gbé àwòṣe rẹ̀ mọ́ra, ó wọ ọkọ̀ èrò tròtró lọ sí ọjà Makola, níbi tí Ìdíátù ìyá rẹ̀ ti ń ta àǹkárá.

Ojú Ìdíátù fà ro nígbà tó gbọ́. Òun ló yọ ọmọ náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, kó lè lọ sí fásitì. Ó ní kó ya ohun tí olùkọ́ fẹ́, kó gbàwé ẹ̀rí rẹ̀ ná.

"Màámi, oòrùn tó ń pa yín níbí ni mo torí ẹ̀ rán an."

"Oòrùn ò tíì pa mí. Tó o bá fìdí rẹmi, ìyẹn lè pa mí."

Rasheedah tún gbé àwòṣe náà. Ó kọjá sí àdúgbò Odawna, sọ́dọ̀ Àǹtí Afua tó kọ́ ọ ní ìránṣọ nígbà kan. Afua yẹ òrùlé náà wò, ó bu omi sí ife, ó sì dà á lé e lórí. Àárín aṣọ náà rì, omi dágún síbẹ̀, òpó kan sì wó.

"Orí ìwé lo ti gé e," Afua fi Twi sọ fún un. "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ìtìjú bo Rasheedah. Ní ṣọ́ọ̀bù Afua, wọ́n kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ da aṣọ bo ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́, kó wo bó ṣe ń wálẹ̀, kó tó gé e. Ní fásitì, wọ́n kọ́ ọ pé kó mọ ibi tí òjò máa gbà kúrò lórí òrùlé kó tó yà á. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, aṣọ náà ni màá gbé padà fún olùkọ́ wa. Màá tún un gé. Màá da omi sí i níṣojú wọn, kí wọ́n rí i pé ó ń ṣàn kúrò."

Rasheedah ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Yáàdì mélòó lo fẹ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ohùn rẹ̀ kò dùn.