Ewé Kan Tí Kò Dúró

Nílé Bàbá Láyíwọlá ní Sùúrùlérè, mo máa ń ka ṣíbí. Mo máa ń ka ife. Mo máa ń ka kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Bí mo bá dé láàárọ̀ mo kà wọ́n, bí mo bá fẹ́ lọ nírọ̀lẹ́ mo tún kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà wọ́n o. Ilé kan ni mo ti bá wọn ṣe ìmọ́tótó rí ní Yábàá, ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá ilé sọnù. Wọn ò pè mí lólè. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀gbà jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹni tó gbaṣẹ́ lẹ́yìn mi ló sọ fún mi. Àwọn tó nilé ò pè mí títí dòní.

Ìdí tí mo fi ń kà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nílé Bàbá tí mi ò kà rí. Ẹja ni.

Pálọ̀ ni wọ́n wà, nínú àpótí gíláàsì kan tó gùn bí àga ẹni mẹ́ta. Yanrìn wà nísàlẹ̀, òkúta wà, ọparun kan tó ní ihò wà, ewé sì hù nínú omi bí ẹni pé oko ni. Òmíràn rí bí irun, òmíràn fẹ̀ bí ewé gbúre. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ló hù. Mo ti ki ọwọ́ bọ omi kí n fà á tu, ni Bàbá bá kígbe láti ẹnu ọ̀nà yàrá: "Ìyá Fadilah! Ọgbà mi nìyẹn o!" Títí di báyìí, bí mo bá sún mọ́ àpótí náà, mo ṣì ń gbọ́ igbe yẹn.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n máa ka ẹja. Ní Ìjẹ̀bú nílé, bí adìyẹ bá ń kó ọmọ kọjá, tí o bá na ìka sí wọn pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ìyá mi á gbá ọ lọ́wọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tó bá ní ẹ̀mí, a kì í kà á, kó má baà dín. Ṣíbí ò lẹ́mìí. Ẹja ní.

Ọ̀kan péré ni mo dá mọ̀ dáadáa nínú wọn. Dúdú ni, inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi, irùngbọ̀n sì hù sí i lẹ́nu bí ẹ̀ka igi kéékèèké. Ara gíláàsì ló máa ń lẹ̀ mọ́, á máa lá a. Mọ́mì Evelyn, ìyàwó Bàbá tó ti dolóògbé, ló rà á. Lójú tèmi, ó jọ àáfà àdúgbò wa ní Múṣin. Bàbá, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ní rárá, Bíṣọ́ọ̀bù ni. Ilé ẹ̀ ló wà, mo gbà fún un. Bíṣọ́ọ̀bù la wá ń pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú, Jemimah ọmọ Bàbá wá mú un lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ojú náà ti ṣú débi pé imú Bàbá á ti kan gíláàsì kó tó rí ẹja. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ìyá Fadilah," ó ní, "ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á tú ojú yìí sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò dáadáa. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó jẹ́ pé òjìji ẹ̀ ni mò ń rí."

Lọ́jọ́ Ajé, mo pààrọ̀ omi díẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Mo ṣí ìdérí, mo gbé báàkẹ́tì lọ dà sẹ́yìnkùlé, Sùnmọ́nù tó ń ṣọ́ géètì sì fi ọ̀rọ̀ dá mi dúró. Nígbà tí mo padà, ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí. Mo dé e. Mi ò ro nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gé kùkúńbà sí i fún wọn. Àwọn ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ wá. Dúdú kejì, èyí tí kò nírùngbọ̀n, tí Jemimah rà lọ́dún tó kọjá, òun náà wá. Bíṣọ́ọ̀bù ò wá.

Mo dúró. Mo wo ara gíláàsì níwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo wo abẹ́ ewé. Mo ti gbọ́ ọ rí pé ẹja máa ń fò jáde, mo bá dojú bolẹ̀, mo wo abẹ́ àga, mo wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Eruku ni mo rí, àti bọ́tìnnì kan. Mo gbé bọ́tìnnì náà sórí tábìlì níbi tí ojú á ti rí i, kí wọ́n má lọ ní òun náà sọnù.

Ní agogo mẹ́rin, fóònù dún.

"Ìyá Fadilah, kú ilé o. Wọ́n pé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Ẹni tí kì í kà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bó pé?

"Wọ́n ń jẹun, sà," mo fèsì. Kì í ṣe irọ́. Kì í kúkú ṣe òótọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá Sùnmọ́nù ní géètì.

"Sùnmọ́nù, ológbò ilé kejì yẹn, ṣé ó wọlé wá lọ́jọ́ Ajé?"

"Ológbò? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ẹ̀rín pa á. "Ìyá Fadilah, ẹ sòótọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti fi jẹ ẹ̀bà? Ẹja onírùngbọ̀n, egungun ẹ̀ á pọ̀ o!"

"Má bá mi ṣerú eré yẹn."

Ó wo ojú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ lọ ra òmíràn sí i. Wọ́n ń tà á ní Yábàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹja dúdú, ẹja dúdú ni. Bàbá ò kúkú ríran."

Ọlọ́run á dárí jì mí, mo lọ.

Ọmọbìnrin kan ló ń tà á, Fàrídà lorúkọ ẹ̀, ẹja wà nínú ọ̀rá lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ bí ẹni ń ta omi. Mo ṣàlàyé, ó fa ọ̀kan yọ.

"Èyí ò nírùngbọ̀n," mo ní.

"Obìnrin nìyẹn, mà. Àwọn ọkùnrin wọn ló ń nírùngbọ̀n. Àbí ẹ ti rí obìnrin onírùngbọ̀n rí?"

"Mo ti rí i. Ìyá ọkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lára. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ò là. Ó wá ọkùnrin kan fún mi, kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo gbé ọ̀rá náà sókè sí ojú oòrùn. Ẹja yẹn ń wò mí. Mo rò ó: ojú tí wọ́n ń tún ṣe ní Ìbàdàn yìí, ṣé àlejò ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀? Mo dá ọ̀rá padà.

"Tiyín kú ni, mà?"

"Ó sọnù."

"Nínú gíláàsì?" Ó yí ojú sí mi. "Hàà. Mà, ẹja ò lè wọ mọ́tò ní gáréèjì Jíbówú. Tí kò bá sí nílẹ̀, ó wà nínú omi. Ẹ padà lọ wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó bá mi sùn. Tí kò bá sí nílẹ̀, ó wà nínú omi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fa àga kékeré síwájú àpótí. Mi ò gbálẹ̀, mi ò fọ abọ́. Mò ń wò. Mi ò mọ̀ pé omi máa ń ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí omi ń tì í láti ọ̀tún, gbogbo ewé ń tẹ̀ sí òsì, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń dìde, bí ẹni tó ń kírun. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Bíṣọ́ọ̀bù ò sí.

Fóònù dún kó tó di agogo mẹ́rin. "Wọ́n fẹ́ gbé mi wọlé báyìí," Bàbá ní. "Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Wọ́n pé?"

Mo rántí ẹ̀gbà Yábàá. Mo ní bí n bá dákẹ́ báyìí, tí wọ́n bá wá wò mí lọ́la, wọ́n á ti jàre.

"Sà, mi ò rí Bíṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbàgbé ìdérí ní ṣíṣí lọ́jọ́ Ajé."

Mo gbọ́ èémí ẹ̀. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ní bàbá, ẹ gbé fóònù wá. Ohùn Jemimah ló kàn: "Àǹtí, ẹ mọ ohun tí ẹja yẹn jẹ́ fún Dádì. Ẹ jẹ́ ká délé ná." Ó pa fóònù.

Ẹ jẹ́ ká délé ná. Mo jókòó padà síwájú àpótí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Nẹ́pà fi mú iná lọ. Ẹ̀rọ omi dákẹ́. Ilé parọ́rọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì ń wo ewé bí wọ́n ṣe ń dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó rí bí irun dúró. Àwọn tó fẹ̀ dúró. Gbogbo oko Bàbá dúró ṣinṣin.

Ọ̀kan ò dúró.

Ewé kékeré kan ni, lẹ́nu ihò ọparun, ó ń mì. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀, ó sinmi, ó tún mì. Mo ní ojú mi ni. Mo nù ún. Ó ń mì. Ta ló ń fẹ́ ẹ? Kò sí ẹja nítòsí. Atẹ́gùn kì í wọ inú omi.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ejò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà kí n dìde, mo fẹ́ mọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo rìn yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gíláàsì bí Bàbá ṣe máa ń ṣe, mo tàn án sínú ihò yẹn.

Irùngbọ̀n ni mo rí. Lẹ́yìn náà, ojú kan, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n já ilẹ̀kùn mọ́ lórí. Bíṣọ́ọ̀bù ń fi lẹbẹ rẹ̀ fẹ́ omi, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, bí ẹni ń fẹ́ iná àdògán. Nígbà tó yẹ̀ díẹ̀, mo rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀: ẹyin, pupa rúsúrúsú, ó ṣù pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ọwọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dúdú kejì, èyí tí kò nírùngbọ̀n, ń jẹ kùkúńbà tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nígun. Òun ti yé ẹyin, ó ti bá ti ẹ̀ lọ. Bàbá ọmọ ló ń tọ́jú wọn. Ọkùnrin báyìí ṣì wà láyé, àní inú omi ló wà.

Mo pe Bàbá, fóònù ò lọ. Mo pe Jemimah lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé. Bàbá wọ awò dúdú, Jemimah di ọwọ́ ẹ̀ mú. Sùnmọ́nù tẹ̀ lé wọn wọlé, ó ní òun ń gbé báàgì. Mo kúnlẹ̀. Jemimah ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó ná." Mo ti gbé àga kékeré síbẹ̀ láti àárọ̀. "Sà, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ pa ẹ̀rọ omi."

"Pa kí ni?" Jemimah ní. "Ṣé ẹ tún fẹ́ pa àwọn tó kù ni?"

"Jẹ́ kó pa á," Bàbá ní.

Mo pa á. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mo ní bó bá ṣe lónìí gan-an ni kò ní mì ńkọ́?

"Ewé kan ń mì níbẹ̀ yẹn," Bàbá ní lójijì. Ó bọ́ awò. Ó jókòó jìnnà sí gíláàsì, ó tó ìwọ̀n apá èèyàn kan, imú ẹ̀ ò kan nǹkan. "Lẹ́nu ọparun. Jemimah, o ò rí i?"

Mo fún un ní tọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ síwájú, ó tàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i tí èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín, àfìgbà tó yíjú padà: ẹ̀rín ni.

"Àṣé báyìí ni irùngbọ̀n ẹ̀ ṣe pọ̀ tó," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ojú tuntun yẹn mọ́ kedere. "Ìyá Fadilah. Wọ́n pé?"

"Wọ́n pé, sà. Wọ́n tún lé."

Sùnmọ́nù pariwo: "Bíṣọ́ọ̀bù bímọ!" Jemimah ti tẹ orí mọ́ ti bàbá ẹ̀, ó ń na ìka sí gíláàsì. "Dádì, mélòó ni? Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta…"

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," mo sọ, ohùn mi kéré.

Jemimah wo ọwọ́ ẹ̀, ó wò mí. "Ẹ má bínú, Àǹtí," ó ní, ó sì rọra fi ọwọ́ náà sínú àpò.

"Tan ẹ̀rọ padà fún wọn, Ìyá Fadilah," Bàbá ní. Kò tíì kúrò lójú gíláàsì nígbà tí mo ń lọ nírọ̀lẹ́.

Mo ti dé Ojúẹlẹ́gba kí n tó rántí pé mi ò ka ṣíbí.