Kànga Abẹ́ Òrùka Fáráò

Ó ti rẹ Mutlag, àárẹ̀ tí oorun ò lè wò. Ọdún kẹta rèé tí òjò ò rọ̀. Nínú gbogbo kànga ìdílé rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì lómi, abẹ́ àpáta tí Fáráò kan láyé àtijọ́ gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sí, tó sì gbẹ́ àmì òrùka yí i ká, ló sì wà. Kí ló gbé ọba Íjíbítì dé aṣálẹ̀ wa tó jìn tó báyìí? Òùngbẹ ni, kí tún ni! A kì í fi àpáta yẹn han àlejò. Òkúta tí ìjọba bá ti gbúròó rẹ̀, wáyà ni wọ́n ń fi yí i ká.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nizar dé láti ìlú ńlá. Mutlag bu kọfí fún un níṣojú gbogbo ará àgọ́. Ọkùnrin náà gba ife, ó rọra gbé e sílẹ̀, kò fẹnu kàn án. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láìmu ń tọrọ nǹkan ni. Onílé tí ò bá sì fún un, ẹ̀gàn rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọmọọmọ rẹ̀.

Mutlag ní, "Àlejò mi, ohunkóhun tí o bá wá, mo ti fún ọ."

"Háà, Bàbá! Àkọlé Fáráò ni mò ń wá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tí Mutlag ní òun mọ̀ ọ́n, ayọ̀ gbé ọkùnrin náà dìde fìrì, kọfí sì dànù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Mutlag ṣe ń di gàárì mọ́ ràkúnmí, Wadha ìyàwó rẹ̀ dá a dúró.

"Bàbá Hleil, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Ó gbé kọfí sílẹ̀, Wadha. Gbogbo ayé rí i."

"Kí gbogbo ayé wá máa pọnmi fún wa nígbà náà!"

Òótọ́ ni Wadha sọ, ó sì dun Mutlag wọra.

Lọ́sàn-án, òun àti Nizar dúró sinmi lójú ọ̀nà, Mutlag sì dáná kọfí.

"Ẹ má bu tèmi o, Bàbá," Nizar ní. "Ọgbẹ́ inú ló ń bá mi jà. Dókítà ti ka kọfí léèwọ̀ fún mi. Lánàá náà, ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ."

Mutlag wò ó títí. Ọkùnrin yìí ò tọrọ nǹkan kan! Inú rírun lásánlàsàn! Ọ̀nà pín sí méjì níwájú wọn. Apá òsì ló lọ sí àpáta, apá ọ̀tún ò lọ síbì kankan. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí àlejò ò tilẹ̀ tọrọ, òun ti fún un ná. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó darí ràkúnmí sósì, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidi.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Nizar kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa òrùka náà, ó ń sunkún ayọ̀.

"Bàbá, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe! Kóṣù yìí tó parí, wáyà á ti yí ibí ká. Ẹranko kankan ò ní débí mọ́."

"Kànga ńkọ́?"

"Ìjọba á máa fi ọkọ̀ gbémi wá fún yín."

Mutlag mọ ọkọ̀ ìjọba. Ó ti retí rẹ̀ rí, títí ọrùn fi wọ́, kò sì dé. Ó fa omi fún àwọn ràkúnmí, ó jẹ́ kí wọ́n mu àmuyó.

"Kí ni kí n ṣe fún yín, Bàbá? Ṣé kí n kọ orúkọ yín sínú ìwé mi?"

"Rárá. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Tá a bá délé, jọ̀ọ́, má sọ fún ìyàwó mi pé ọgbẹ́ inú ló fà á tí o fi gbé kọfí sílẹ̀."