Ìkòkò Ogójì Ènìyàn

"Ta lo ń se èyí fún?"

Ọ̀gá sójà fi ẹnu ìbọn ṣí ìdérí ìkòkò. Ooru ọbẹ̀ ọ̀dùnkún bò ó lójú. Zenobia Huarcaya, opó tó ń dá gbé, wo ìkòkò náà, ó rí i pé lóòótọ́ ni, ogójì ènìyàn á jẹ ẹ́ yó. Lórí àwọn òkè Ayacucho lọ́dún náà, ẹni tó bá se oúnjẹ ju ẹnu ilé rẹ̀ lọ, lójú sójà, àwọn apániláyà tó ń gbé inú ihò àpáta ló ń bọ́. Ẹni tí sójà bá sì gbé lọ sí bárékè kì í padà wálé.

"Ọ̀wẹ̀ ni, ọ̀gá. Àwọn ará abúlé ń bá mi ṣe òrùlé, èmi ń bọ́ wọn."

"Láìgbowó?" Ará etí òkun ni ọ̀gá náà, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. "Àwọn dà?"

Wọn ò sí. Bí wọ́n ṣe rí sójà lókèèrè ni wọ́n ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Teodosio aládùúgbò rẹ̀, tó máa ń fi ẹnu pa ẹkùn, ló ṣíwájú. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Wọ́n fi ìdajì òrùlé sílẹ̀ gbayawu. Inú bí Zenobia débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù, ó kọjú sí àwọn sójà.

"Ẹ̀rí lẹ fẹ́? Ẹ̀rí rèé lókè yẹn, òjò sì ń bọ̀! Ìwọ tóo ga yìí, gbé ìbọn sílẹ̀, máa ju koríko sókè. Ìwọ, di okùn mú. Ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́ ò ní fọwọ́ kan ọbẹ̀ mi o!"

Ọjọ́ kẹrin rèé tí oúnjẹ gbígbóná ti kan ẹnu àwọn sójà náà gbẹ̀yìn. Kí ọ̀gá wọn tó yanu, wọ́n ti gun òrùlé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, torí pé àlejò pàtàkì ló ń gbé àgbélébùú sórí òrùlé gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gùn ún lọ gbé e. Zenobia bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Wọ́n jẹ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Zenobia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Teodosio sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Kò kí i kú òrùlé. Ó wo àgbélébùú, ó wo ìkòkò òfìfo.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa nìkan kọ́ la wà lókè. Àwọn tó ń gbé inú ihò àpáta náà rí èéfín yín. Wọ́n ní kí n bi yín: ta lẹ se é fún?"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Zenobia gbójú sókè; ẹ̀kán kan ò jò wọlé. Àwọn ọmọ sójà yẹn mọ òrùlé ṣe.