Àwọn Méjì Tó Kẹ̀yìn sí Pẹnáritì

Gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn ìwo-bọ́ọ̀lù náà ló wà lára tẹlifíṣàn, àfi mẹ́rin.

Ìdíje Ife Àgbáyé ti wọ ibi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n gbá a títí, wọ́n fi àsìkò kún un, ọ̀mì ni. Pẹnáritì ló kù. Àwọn èrò ti dìde lórí àga, wọ́n fún mọ́ra bí ìṣáná inú páálí. Ọmọbìnrin aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó já sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Bí agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ṣe gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ báyìí, Abẹ́rẹ́ yí padà, ó kọjú sí ògiri. Kì í wo pẹnáritì. Ó ti dá a lójú láti kékeré pé ẹni tí òun bá ń fẹ́ ire fún, tí òun bá ti wò ó, òkè fíofío ni yóò gbá a sí.

Àfi bó ṣe rí ẹlòmíràn tó kọjú sí ògiri kan náà.

Ọkùnrin kan ni, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì tó ń gbé iná fún tẹlifíṣàn, ó pa ọwọ́ pọ̀ sórí orúnkún bí ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ ń fìyà jẹ. Òun náà yí orí. Ojú wọn pàdé. Abẹ́rẹ́ gbàgbé láti gbé ojú kúrò. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ojú tó fara balẹ̀, tí ẹ̀rín ti kó sí igun rẹ̀ kí ẹnu tó mọ̀.

Gbọ̀ngàn náà bú sí ariwo.

"Ṣé ó wọlé?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn mi ò lójú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí ẹ ò wò ó?"

"Ojú mi máa ń ba tiwọn jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àánú ni. Ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ayé ń wò ó. Mo ní kí tèmi má kún un."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbá pẹnáritì náà tán. Nígbà tí wọ́n bi Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì pé ta ló borí, ó ní òun kò rántí. Òótọ́ ló sọ.

Àbúrò bàbá tó bí Abẹ́rẹ́ ló ni gbọ̀ngàn náà. Bàbá Kékeré ni Abẹ́rẹ́ ń pè é, àmọ́ Alága ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án sí ipò kankan. Àga oníke ló rà jọ rẹpẹtẹ, ni oyè bá já lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí, ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó fara ti gbọ̀ngàn, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ sì ti kọ́ṣẹ́ tó fi di ọ̀gá. Ọkùnrin ara ògiri yìí, Wáyà ni wọ́n ń pè é. Díìṣì Alága ló dákú ní àárín ìdíje, wọ́n bá ránṣẹ́ pe Wáyà láti ìlú mìíràn. Ó tún un ṣe, Alága sì ní kò gbọdọ̀ kúrò títí wọn yóò fi gbá àṣekágbá, kí díìṣì má tún lọ ṣe é ní ìṣekúṣe. Bí àṣekágbá bá ti parí, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ̀.

Èyí ló ń jẹ Abẹ́rẹ́ lọ́kàn. Ó ti rí ojú tó ń kà nípa rẹ̀ nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tó kó sábẹ́ ìrọ̀rí, ojú náà sì ti ní ọjọ́ tí yóò lọ.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Alága ní kó rán aṣọ gbọọrọ kan tí wọn yóò ta sára ògiri lọ́jọ́ àṣekágbá, kó jẹ́ ìtàn Ife Àgbáyé látìbẹ̀rẹ̀: ìdíje kọ̀ọ̀kan, abala aṣọ kan, ní àwọ̀ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè tó gbà á, pẹ̀lú orúkọ àti ọdún rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Wáyà wá fa okùn iná gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ó rí aṣọ náà lórí máṣínnì, ó dúró.

"Ẹ ti so ọdún 1938 mọ́ ọdún 1950," ló wí. "Ẹ fi abala méjì sílẹ̀ láàárín wọn."

"Fún ta ni?"

"Fún ogun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun àgbáyé ò jẹ́ kí wọ́n gbá a. Ife náà gan-an, inú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni òṣìṣẹ́ eré ìdárayá kan gbé e pa mọ́ sí, kí àwọn sójà má bàa rí i."

"Ife tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Pẹ̀lú òórùn bàtà."

Àǹtí tó ń gé aṣọ ní kọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ mú aṣọ funfun, ó fi abala méjì sí i láìkọ nǹkan kan sí i. Wáyà kò tètè lọ. Ó sọ ti àṣekágbá àkọ́kọ́ fún wọn, bí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe ń jà lórí bọ́ọ̀lù ta ni wọn yóò gbá, tí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n gbá ti ẹnì kan ní ìdajì àkọ́kọ́, ti ẹnì kejì ní ìdajì kejì. Àwọn tó ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló ń lé níwájú títí wọ́n fi lọ sinmi. Bọ́ọ̀lù yí, eré náà yí, àwọn onílé gba ife.

"Bí ọmọ àdúgbò," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló ń jẹ."

"Gẹ́lẹ́," ni Wáyà wí, ó sì wò ó pẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe gbà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti ń tọrọ ọ̀mì. Nígbà tí eré bá ń lọ, iwájú ni Wáyà máa ń wà, níbi tí Alága ti ń pàṣẹ fún un bí ọ̀gá sójà. Pẹnáritì nìkan ló lè lé e wá sí ara ògiri. Ẹlẹ́gbẹ́ ń gbàdúrà fún ẹgbẹ́, Abẹ́rẹ́ ń gbàdúrà fún ọ̀mì. Àdúrà rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ń na ara wọn mẹ́ta sí òdo, mẹ́rin sí ọ̀kan, láìsí ọ̀mì kankan. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà Ọlọ́run jìn, ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó mú abala ọdún 1950, ó fi orúkọ àwọn tó gba àlejò ìdíje sí ibi tó yẹ kí orúkọ olúborí wà, ó sì ránṣẹ́ sí Wáyà pé kó wá yẹ iṣẹ́ òun wò.

Wáyà dé, ó fi ìka tọ aṣọ náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró.

"Ta ló gba ife fún àwọn wọ̀nyí?"

"Ṣé kì í ṣe àwọn ni?"

"Àwọn náà rò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn ti gbé àwòrán wọn jáde kí wọ́n tó gbá a pé àwọn ni olúborí. Wọ́n ti kọ orin sílẹ̀. Àlejò dé, ó gbá méjì sí ọ̀kan, pápá tó ń hó bí òkun dákẹ́." Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé abala náà sójú. "Àmọ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Máṣínnì lẹ fi rán gbogbo ìyókù. Èyí nìkan lẹ fi ọwọ́ rán, tí òwú rẹ̀ jìnnà síra, bí ẹni tó mọ̀ pé òun máa tú u."

Abẹ́rẹ́ wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu, kò rí. Àǹtí gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Wáyà, ó tó. Fi ọmọ mi sílẹ̀, ó ní iṣẹ́."

"Iṣẹ́ náà ni mo wá yẹ̀ wò, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí ohun tí ò ń yẹ̀ wò."

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí ní kí Abẹ́rẹ́ jókòó. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo gbà," ló wí, "àmọ́ ojú ò lè wọ ọkọ̀ tẹ̀lé èèyàn lọ. Kọ lẹ́tà sí i."

"Kí ni kí n kọ?"

"Ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Má fi òṣùpá sí i."

Òṣùpá ló kọ́kọ́ fi sí i. Ó fi ìràwọ̀ tẹ̀lé e, ó fi òdòdó sí ìparí, ó kà á, ojú tì í, ó fà á ya. Ó fa òmíràn ya. Èyí tó ṣẹ́kù níkẹyìn kò kún ojú ewé kan, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ó kì í sínú àpò ìwé, ó fi í sápò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti gbèrò rẹ̀: bí wọ́n bá dé orí pẹnáritì lọ́jọ́ àṣekágbá, gbogbo ènìyàn yóò kọjú síwájú, àwọn méjèèjì yóò wà lára ògiri, kò ní sí ojú tí yóò rí wọn.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Wọ́n ta aṣọ ìtàn náà gba gbogbo gígùn ògiri, ó sì dùn ún wò. Alága dìde níwájú rẹ̀, ó mú igi kan dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí olùkọ́.

"Ọdún 1966 nìyí. Wọ́n jí ife náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá wá a tì. Ajá kan ló rí i lábẹ́ igbó ọgbà, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e."

"Alága," ni ọkùnrin ọlọ́kadà kan ké láti àárín èrò, "ṣé ajá yẹn ti kú? Ẹ bá wa wá a wá kó ṣe rẹfirí."

"Ìwọ tí o ò tíì sanwó ìjókòó, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá a sí ọ̀kan-sí-ọ̀kan, ó ń lọ sópin, ara Abẹ́rẹ́ ń yá gágá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ẹnì kan tí kò tilẹ̀ gbajúmọ̀ sá wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Àwọn àga ṣubú, àwọn ọ̀tá ń dì mọ́ra. Abẹ́rẹ́ nìkan ló jókòó bí ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò," ni ọlọ́kadà náà wí. "Ṣé ẹgbẹ́ yín ni?"

"Mi ò ní ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Wọn ì bá jẹ́ kó di ọ̀mì."

Ọlọ́kadà wò ó tìyanu tìyanu, ó kọjá lọ.

Èrò tú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ráyè wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó tàn sórí ilẹ̀ tó kún fún páálí àti bébà. Alága ń to àga léra. Wáyà dúró ní àárín gbọ̀ngàn gedegbe, ó ń ká okùn iná mọ́ ìgúnpá, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"O ṣiṣẹ́," ni Alága wí fún un. "Ìdíje tó ń bọ̀, ìwọ náà ni. Ọdún mẹ́rin kì í pẹ́."

Ọdún mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí i pé kò sí ògiri tí òun lè kọjú sí mọ́, kò sí èrò tí òun lè fara pa mọ́ sẹ́yìn. Ó jáde. Ó lọ tààrà.

"Abẹ́rẹ́, kí lò ń wá?" ni Alága bi í.

"Wáyà ni mò ń wá, Bàbá Kékeré."

Àga tó wà lọ́wọ́ Alága dúró lófuurufú. Wáyà yí padà. Okùn iná kún apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa lọ báyìí?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Mi ò fẹ́. Ọkọ̀ ló fẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti àná ni mo ti ń wo díìṣì yẹn pé kó tún dákú. Mo mà tún un ṣe jù."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀. Ó fa àpò ìwé náà yọ ní ojú oòrùn, níwájú Bàbá Kékeré àti gbogbo àga rẹ̀.

"Ìwé kí nìyẹn?" ni Alága wí.

Ohùn Àǹtí jáde láti ṣọ́ọ̀bù. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé máṣínnì yìí."

"Máṣínnì tó wà níbẹ̀ látọdún mẹ́wàá?"

"Òun náà ni. Ẹ máa bọ̀."

Alága gbé àga sílẹ̀, ó ń lọ, ó ń wo ẹ̀yìn.

Wáyà wo àpò ìwé náà, ó wo apá ara rẹ̀. Ó ju okùn iná tó ti ká dáadáa sílẹ̀ gbàà, gbogbo rẹ̀ tú ká sórí ilẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tún un nù. Abẹ́rẹ́ na ìwé náà sí i, Wáyà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.