Ṣíbí fún Ọwọ́ Òsì

Àlùmọ́gàjí bàbá mi ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọọdún. Mo máa ń gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán nǹkan tí ilé-iṣẹ́ máa ṣe, màá ní kí wọ́n fi òsì gé aṣọ. Aṣọ á kàn máa ká lẹ́nu irin. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá wá sọ fún wọn pé ẹni tó ṣe é ò ro ti ẹni tó ń lo òsì rárá, pé àṣà ti wà nínú irin náà kí ẹnikẹ́ni tó rà á. "Ẹ má bi èèyàn léèrè bó ṣe ń lo nǹkan," ni màá ní. "Irọ́ ló máa pa fún yín, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní mọ̀. Ẹ lọ wò ó nílé ẹ̀, lójijì." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ń kó mi nírìíra.

Òsì ni wọ́n bí mọ́ mi. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Tí mo bá fi òsì mú ṣíbí, wọ́n á fi ọ̀tún wọn gbá a bọ́ sílẹ̀. "Ọwọ́ wo nìyẹn?" ni wọ́n á ní. Wọn kì í pariwo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí mo fi gbàgbé pé mo ní ọwọ́ mìíràn.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ wá pa apá ọ̀tún wọn. Òsì wọn le koko, ṣùgbọ́n wọn ò fi jẹun. Láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Lọ́sàn-án, mo wà níbi iṣẹ́. Mo gba obìnrin kan pé kó máa bọ́ wọn, wọ́n lé e. "Ìwọ ni ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún mi. "Mi ò lè máa yanu fún àlejò." Wọ́n rù hangogo. Dókítà ní tí wọn ò bá jẹun ọ̀sán, ara wọn ò ní lè gbé e mọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ṣe ṣíbí kan tí èèkù rẹ̀ kún ọwọ́, tí ẹnu rẹ̀ jìn kí oúnjẹ má baà dànù. Wọn ò sọ ọwọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, orí mi sì wú. Bàbá mi gbà á. Láìpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwo ọ̀sán lófìfo. "Mo jẹun," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì wo ibòmíràn. Èmi náà ò bi wọ́n. Ara wọn ń padà bọ̀ sípò.

Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ mi tí eyín rẹ̀ kì í wọlé, nawọ́ sókè. "Mà, ẹ ní iṣẹ́ ò parí tá ò bá tíì lọ wò ó. Ṣé a ò ní lọ wo bàbá ni?" Mo ní ká máa lọ. Ẹnu mi náà ló ti jáde.

A débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi ti fa kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Èmi tí mò ń kọ́ni bí a ṣe ń wo èèyàn, mo rí kọ́tìnì yẹn, kò yé mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn.

Bàbá mi wà nídìí tábìlì, ṣíbí wà lọ́wọ́ òsì wọn, wọ́n ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, inú ẹ̀ dùn dénú. "Ẹ kú oúnjẹ, sà. Ẹ wo bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lò." Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ tábìlì, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti yó."

Àwọn ọmọ náà gba máàkì tó dáa. Èmi ni mo fún wọn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe bo àwo ọ̀sán ni mo ń bá a. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á gba díẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á panu dé. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú. Mo ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́." Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù, torí wọ́n mọ̀ lóòótọ́, kò sì yí nǹkan kan padà.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ sú mi, mo bu oúnjẹ tèmi, mo jókòó kọjú sí wọn, mo fi òsì mú ṣíbí yẹn. Mo rò pé tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ mi, ìtìjú náà á di ti àwa méjèèjì. Oúnjẹ ò tíì kàn mí lẹ́nu tí wọ́n fi gbá ṣíbí bọ́ sílẹ̀.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Òsì ni wọ́n fi gbá a. Ọwọ́ náà ṣì wà lókè, àwa méjèèjì ń wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tì í padà sábẹ́ tábìlì. Mo he ṣíbí, mo fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀tún bu oúnjẹ sí i, mo nà án sí wọn. Wọn ò yanu.